Túùbù Ojú Fèrèsé Màámi

IMÚ ÌLÚ: òṣìṣẹ́ káńsù tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe mọ́ tó. Ìnagijẹ rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn.
MÀÁMI: ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, létí títì.

[Fóònù ń dún. Màámi gbé e.]

MÀÁMI: Ta nìyẹn?

IMÚ ÌLÚ: Ẹ káàárọ̀, Màámi. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kánjú—

MÀÁMI: Ọkọ mi! Ṣé kò sí nǹkan o? Ara ẹ le? O ti jẹun?

IMÚ ÌLÚ: Kò sí nǹkan, mà. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé ni mo wà. Chairman ti jókòó. Màámi, túùbù yẹn—

MÀÁMI: Chairman wo? Èyí tó máa ń jágbe mọ́ ẹ?

IMÚ ÌLÚ: Òun náà ni. Túùbù kékeré tí mo so mọ́ ojú fèrèsé yín, èyí tó ń gba èéfín títì sára—

[Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lọ́dọ̀ Màámi. Màámi wúkọ́.]

MÀÁMI: Dúró ná, kí eléyìí kọjá. Ìkeje rèé látàárọ̀. Gbogbo gíláàsì ló ń gbọ̀n.

IMÚ ÌLÚ: Ẹ tún ń wúkọ́.

MÀÁMI: Ọ̀fun mi ló gbẹ. Mi ò tíì bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ṣé o gbọ́ mi?

IMÚ ÌLÚ: Mo gbọ́ yín. Màámi, wọ́n fẹ́ dìbò lónìí, bóyá kí wọ́n lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kúrò ní títì yín. Result túùbù oṣù mẹ́ta ti jáde. Títì yín ló mọ́ jù nínú gbogbo ìlú. Ó mọ́ ju inú ọgbà ìṣeré lọ!

MÀÁMI: Títì wa? Àkísà tí mo fi ń nu fèrèsé láràárọ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò ló ń rí!

IMÚ ÌLÚ: Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Tí mo bá ka nọ́ńbà yìí fún wọn, àwọn ọkọ̀ yẹn ò ní í kúrò níbẹ̀ láéláé. Ṣé ẹnì kankan fọwọ́ kan túùbù yẹn?

MÀÁMI: Ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Ta ló ń wọ ibí?

IMÚ ÌLÚ: Ẹ rò ó dáadáa, please.

MÀÁMI: Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Inú ilé ló wà, kò síbi tó lọ.

IMÚ ÌLÚ: Inú— network yìí o— inú ilé kẹ̀?

MÀÁMI: Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo wé e sínú aṣọ funfun.

IMÚ ÌLÚ: Ha! Màámi!

MÀÁMI: Má pariwo mọ́ mi.

IMÚ ÌLÚ: Ìta ni mo so ó sí! Láti ìgbà wo?

MÀÁMI: Bó o bá ti so ó tán tó o lọ, mà á yọ ọ́ wọlé. Tó bá wá ku ọ̀la kó o wá fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀, mà á dá a padà síbẹ̀. Mo ní kàlẹ́ńdà. First Tuesday oṣù, o kì í yẹ̀ ẹ́.

IMÚ ÌLÚ: Kí ló dé? Òjò lẹ rò pé ó máa pa á ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀÁMI: Mo gbọ́. Ohun tọ́wọ́ ẹ fi sílẹ̀ ni. Mo ní kó máa bá mi gbé. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?

IMÚ ÌLÚ: Mo wà níbẹ̀, mà.

MÀÁMI: Títì lo ti máa ń gbé àkàbà ti ògiri, o kì í gba ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí mo bá nawọ́, ó máa kan èjìká ẹ. Ewú ti ń yọ sí ẹ lórí.

IMÚ ÌLÚ: Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?

MÀÁMI: Ẹni tó wà lórí àkàbà, ta ló ń kí irú wọn? Kó o wá já bọ́ torí pé ìyá ẹ ń kí ẹ?

IMÚ ÌLÚ: Ogójì túùbù ni mo máa ń pààrọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Mo máa ń sọ pé tí mo bá parí—

MÀÁMI: Mo mọ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́, kó ṣe é. Mi ò bínú.

[Ilẹ̀kùn ṣí lọ́dọ̀ Imú Ìlú. Ohùn ọkùnrin kan: "Imú Ìlú, ìwọ là ń dúró dè o!"]

IMÚ ÌLÚ: One minute, sir! Màámi, mà á sọ fún wọn pé nọ́ńbà yẹn ò ṣeé lò, ká tún un wọ̀n fún oṣù mẹ́ta mìíràn.

MÀÁMI: Wọ́n á bi ẹ́ léèrè.

IMÚ ÌLÚ: Wọ́n á bi mí pé ta ló gbé e wọlé. Mà á ní ìyá mi ni. Wọ́n á ní báwo ni mi ò ṣe mọ̀, ṣebí ilé ìyá mi ni.

MÀÁMI: Má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn! Sọ pé ẹyẹ ló gbé e. Kí wọ́n má lọ máa pè ẹ́ lọ́mọ burúkú.

IMÚ ÌLÚ: Ẹyẹ wo ló ń fi aṣọ funfun wé túùbù?

[Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gbé Màámi. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.]

IMÚ ÌLÚ: Oṣù mẹ́ta míì lẹ ó máa fa èéfín yìí símú. Ẹ̀bi mi ni. Ó dùn mí, Màámi, ó dùn mí gan-an ni. Ẹ gbọ́, bí ìpàdé yìí bá ti tú báyìí, mò ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa gbà wọlé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ọkọ̀ ńlá méjì kọjá. Ohùn ń já.]

MÀÁMI: O ní kí ni? Mi ò— ọkọ̀ yìí—

IMÚ ÌLÚ: Mo ní mò ń bọ̀ lónìí! Ẹ má ti ilẹ̀kùn o!

MÀÁMI: —gbọ́ ẹ. Ó ti yé mi. Ìta ló yẹ kó wà. Mo ti ṣí fèrèsé, mò ń so ó padà báyìí. Mi ò ní í gbé e wọlé mọ́.

IMÚ ÌLÚ: Màámi, ẹ fi túùbù sílẹ̀! Lónìí ni mo—

MÀÁMI: Máa lọ dá wọn lóhùn. Ó dàbọ̀, ọkọ mi. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

IMÚ ÌLÚ: Màámi! Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]