Okùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ẹrù yín lọ sí èbúté. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ṣe ìsìn yìí tán, èmi Dáre atukọ̀ ni ẹ ń retí kí n gbé yín sọdá odò lọ síbi ìkórè àwọn ará wa lódìkejì. Ẹ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí lánàá. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ẹ̀gbọ́n mi Àkàndé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, ẹ gbọ́: kò sí atukọ̀ tó tó o lórí odò yìí. Aboyún tó bá ń rọbí, òun ló ń gbé e sọdá nígbà tí àwọn yòókù bá ti so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Kì í gba owó lọ́wọ́ opó. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bàbá wa, tí òun náà jẹ́ atukọ̀, kì í bá odò jà. Bí omi bá ti kún tó sì pọ́n, bàbá á ní ó dọ̀la. Ni gbogbo ìlú bá sọ ọ́ ní Baba Ódọ̀la, wọ́n sì ń fi orúkọ náà ṣe àwa ọmọ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Èmi máa ń sunkún. Àkàndé kì í sunkún. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, kò sẹ́ni tí yóò pe òun lójo láéláé. Bí wọ́n bá ní omi ti pọ̀ jù, á ní, "Odò kì í kún bo ẹja lójú," á sì bọ́ sínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ tó kú, odò ń gbé ìtì igi lọ. Ìyá arúgbó kan nínú ọkọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn dúró. Àkàndé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ìtì igi kọ lu ọkọ̀, ọkọ̀ là. Atukọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ju okùn sí i, gbogbo àwa tí a wà ní èbúté sì gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ fà á padà! Mo lè dá a ṣe!" Àbẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Omi gbé òun àti ọmọ náà lọ, ó sì gbé ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ lọ pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní akọni, mo sì gbà pé ọ̀run rere ló wà.

Lánàá, Ìyá Rẹ̀mí inú ìjọ wa yìí wá bá mi ní èbúté. Wọ́n ní, "Dáre ọmọ mi, ṣé omi yìí ò ti pọ̀ jù báyìí?" Àwọn ọ̀dọ́ akọrin wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ ọwọ́ nílé." Ni ẹ̀rín bá sọ. Màmá tẹrí ba, wọ́n bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀, mo ti wo omi náà láàárọ̀, àyà mi sì ti já.

Mo délé, mo kúnlẹ̀ gbàdúrà ọ̀sán títí orúnkún fi ń dùn mí. Mi ò lè mẹ́nu kan odò níwájú Ọlọ́run. Mo nà sórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Mo bá ara mi lójú ọ̀nà tóóró kan. Ìyá àgbà kúkúrú kan, tí ìró rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára, di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tẹ̀lé mi."

Ibi tí ooru ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ dé. Àwọn kan jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ètè wọn ti bó, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. "Òpùrọ́ ni wọ́n," ìyá náà ní. "Wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n gbọ́." Níwájú díẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wọn nínú ilé, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Alágbèrè nìyẹn. Mo tún rí ọkùnrin kan tó ru odidi igi pèrègún tòun ti gbòǹgbò, iná ń jó lórí ewé rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ó yí ààlà oko àwọn ọmọ aláìníbaba. Ó ń wá ibi tí yóò gbin igi náà sí, ilẹ̀ ò gbà á."

Ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èéfín bò mí lójú, mo ń ké, mo di ìró ìyá náà mú, mi ò mọ iwájú, mi ò mọ ẹ̀yìn, igbe ń bọ̀ lọ́tùn-ún, igbe ń bọ̀ lósì, mo ní mo gbé, mo ní Jésù gbà mí, títí ẹsẹ̀ mi fi kan omi tútù.

Odò kan ni, kò sì fẹ̀ rárá. Lódìkejì rẹ̀, àwọn olóòótọ́ jókòó lábẹ́ igi nínú aṣọ funfun, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Opó tó máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó kú wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ ti nà ṣánṣán. Mo rí bàbá mi, Baba Ódọ̀la, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ara rẹ̀ balẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ dúró tì í, ó mú okùn lọ́wọ́.

Àárín odò ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti là, omi ti dé e lágbọ̀n, ó ń wa àjẹ̀ kíkankíkan, kò sì kúrò lójú kan. Àbẹ̀kẹ́ ju okùn sí i. Iwájú rẹ̀ gan-an ni okùn náà bọ́ sí. Ó gbójú kúrò.

"Bàbá mi, ẹ mú un," ọmọ náà ní.

"Fà á padà, ọmọ mi. Mo ti fẹ́ẹ̀ dé."

Ọmọ náà fà á padà, ó sì tún jù ú. Mo bú sẹ́kún. Mo ní ṣé Ọlọ́run ò lè wọ́ ọ jáde ni?

"A kì í gbé ẹni tí kò ní kí a gbé òun," ìyá náà dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" mo kígbe. "Ẹ ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́! Ọ̀rọ̀ kan péré ni!"

Ó wò mí. Mi ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láyé, ẹ̀rù ń bà á bí ọmọdé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Dáre, má pariwo. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo bi ìyá náà pé, "Màmá, ta ni ẹ̀yin gan-an?"

"Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká dúró lọ́jọ́ náà. Mi ò bínú sí i mọ́, èmi náà ń retí rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Ṣé ẹja ni Àbẹ̀kẹ́? Kì í ṣe pé ọkọ̀ rì ló gbé e síbí. Kí wọ́n má baà pè é lójo ló ṣe fi ọmọ rẹ̀ fún omi. Ó yá, wo ọwọ́ tìrẹ."

Mo wo ọwọ́ mi, àjẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo gbójú sókè, inú ọkọ̀ tèmi ni mo wà, omi pọ́n, omi ń hó, ẹ̀yin ni ẹ sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí mo ń wò yìí, àwọn akọrin nínú aṣọ wọn, Ìyá Rẹ̀mí gbá ẹsẹ̀ mi mú, ìtì igi ń bọ̀, mo rí i, ẹ ń ké, okùn já bọ́ sórí itan mi, mo fẹ́ mú un, ọwọ́ mi ò gbéra, mo sì gbọ́ ohùn ara mi, "Ẹ fà á padà!"

Mo ta jí. Ìyàwó mi dúró tì mí.

"Bàbá Fẹ́mi, kí ló ṣe yín? Ẹ ń ké."

"Kò sí nǹkan kan."

"Òógùn ti bò yín. Ṣé nítorí odò ni?"

"Mo ní kò sí nǹkan kan! Ta ló ń bẹ̀rù odò?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀run àpáàdì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo tún jáde lọ gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, mo tún un ṣe dè yín. Láàárọ̀ yìí mo gbé àjẹ̀ wá, ó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo ti pinnu pé màá gbé yín sọdá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi náà jọ bàbá mi. Nígbà tí a kọrin tán, mo rí Ìyá Rẹ̀mí. Wọ́n ti di ẹrù wọn. Nítorí pé mo dójú tì wọ́n lánàá, wọ́n ti ṣe tán láti bá mi bọ́ sínú omi. Ìyẹn ló gbé mi dìde. Màmá, ẹ forí jì mí. Òótọ́ lẹ sọ, omi ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin olórí ilé, ẹ̀yin alágbára inú ìjọ, ẹ ṣọ́ra. Èrò wà nínú ọkọ̀ olúkúlùkù wa. Bí wọ́n bá ju okùn sí yín, ẹ mú un nígbà tí ọwọ́ ṣì lè gbéra.

Ìyá Fẹ́mi, dìde kí n rí ọ. Irọ́ ni mo pa fún ọ lánàá. Ẹ̀rù ń bà mí.