Ìwé Orúkọ Àwọn Tó Wá sí Ìpàdé

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́ lórílẹ̀-èdè wa, ìdí nìyẹn tí mo fi wà láàyè tí mo ń kọ èyí. Obìnrin mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ọjọ́ tí mo bá kú, wọ́dà ni yóò gbé mi jáde níbí.

Mo pa ènìyàn. Obìnrin àgbà kan ni mo pa, ẹni tó bá mi wẹ àkọ́bí mi nígbà tí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun dání. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ìka kan tí mo tẹ sórí ìwé ló fà á.

Aguidi ni wọ́n bí mi sí. Mo lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sakété, mo sì gba ìwé ẹ̀rí kí bàbá mi tó ní ó tó. Ọkọ tí mo fẹ́ jẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lápá Igana. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó gbọ́ Faransé pọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló lè kọ ọ́ láìṣì í. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ abúlé ń wá akọ̀wé, èmi ni wọ́n mú.

Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé, kí n sì kọ orúkọ àwọn tó wá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ á fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ á tẹ ìka. Èmi ni mò ń tọ́jú agolo pẹlẹbẹ tí fóòmù tó mu yíǹkì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé yóò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Tí àwọn tó wá kò bá tó ìdajì àwọn olórí ilé, ọ́fíìsì á dá a padà, a ó sì tún ìpàdé ṣe.

Àwọn ènìyàn kì í wá. Mo máa ń lọ láti ilé dé ilé láti pè wọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, á wà nídìí gàrí tó ń yan, á ní, "Ẹ lọ jókòó, ìyàwó. Tí ẹ bá ti jókòó tán, kí ẹ jókòó sórí àga tèmi náà. Ìdí yín gbòòrò tó bẹ́ẹ̀."

Olórí abúlé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, kì í bínú sí wọn. Èmi ló máa ń wò.

Lọ́jọ́ kan, a ń ṣe ìpàdé lórí àtúnṣe ẹ̀rọ omi. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá. A nílò méjìdínlógún. Ọ́fíìsì ti dá ìwé yẹn padà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn obìnrin sì ń lọ pọnmi ní odò tí màlúù ń mu. Ṣẹ́ẹ̀fù wo ìwé, ó wo àwọn àga tó ṣófo, ó ní:

"Ìyàwó wa, ènìyàn méje péré ló kù. Àwọn méjèèje yìí, ṣé wọn ò fẹ́ omi ni?"

"Wọ́n fẹ́ omi, bàbá."

"Ṣé wọ́n máa kọ̀ ọ́ tó bá dé?"

"Wọn ò ní kọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Mò ń lọ sílé. Orí ń fọ́ mi."

Ó lọ. Mo jókòó nìkan pẹ̀lú ìwé àti agolo yíǹkì. Mo tẹ àtàǹpàkò òsì mi síwájú orúkọ kan, mo sì dúró bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan gbá mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Mo tẹ ìka tó tẹ̀ lé e síwájú orúkọ kejì. Bí mo ṣe tẹ méjèèje nìyẹn. Wọ́n tún ẹ̀rọ omi ṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fún mi ní ohunkóhun. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọlọ́pàá wá ohun tí mo gbà títí, wọn ò rí i. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé iṣẹ́ mi pé. Ìwé mi kì í padà wá mọ́. Nígbà tó yá, n kò dúró kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ilé ni mo ti ń kọ ìwé orúkọ láàárọ̀, màá tẹ gbogbo ìka tó bá yẹ kí n tẹ̀, màá fi kànrìnkàn fọ ọwọ́, màá sì mú un lọ. Nígbà tí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò tó mọ́, mo bọ́ bàtà, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kún un. Ọdún méje ni mo fi ṣe é. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì wá yìn wá níwájú àwọn abúlé mìíràn. Ó ní abúlé wa ni kí wọ́n wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ará ìlú ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Ṣẹ́ẹ̀fù dìde, ó tẹríba. Ó na ọwọ́ sí mi, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ ìró mi.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ní ọ́fíìsì pé àwọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún abúlé kan lápá ọ̀dọ̀ wa, tí abúlé náà bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti bímọ rí lórí alùpùpù lójú ọ̀nà Pobè, èmi ló di òun àti ọmọ mú lẹ́yìn, ọmọ náà kò sì sunkún. Mo fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí yẹn ju bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ ẹ lọ.

Ilẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹbí Ṣẹ́ẹ̀fù. Èkejì, tí ọ̀pẹ mọ́kàndínlógún wà nínú rẹ̀, jẹ́ ti Ìyá Mòníìkì, opó tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ní Sakété. Ọ̀pẹ yẹn ló ń jẹ. Òun ni obìnrin tí mo ní ó bá mi wẹ ọmọ.

Ṣẹ́ẹ̀fù ní ilẹ̀ àwọn kéré. Kò kéré.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ni ilẹ̀ máa tẹ ìka sí. Ọjọ́ Ẹtì ni ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abúlé mìíràn yóò gba ilé náà. Ìyá Mòníìkì wà ní Sakété, Mòníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo sọ fún Ṣẹ́ẹ̀fù pé màá gun alùpùpù lọ bá wọn.

"Kí o lọ sọ kí ni fún un?" ó bi mí. "Kó sọ pé rárá fún ẹ ńkọ́? Ìyàwó wa, o ò mọ obìnrin yẹn. Jẹ́ kó dé, kó rí ilé, kó rí àwọn ọmọ tó ń jáde nínú rẹ̀. Òun náà á gbádùn."

"Bàbá, ilẹ̀ lèyí."

"Omi lèyẹn nígbà yẹn."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì gbé ohùn sókè. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti ń ka ìka mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sílé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé àtàǹpàkò òsì ni kí wọ́n lò. Mo tẹ àtàǹpàkò òsì mi.

Ìyá Mòníìkì kò ní àtàǹpàkò òsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló gé e kúrò ní Sakété kí n tó dé ilé ọkọ. Gbogbo abúlé mọ̀. Èmi tí mo jẹun láwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méje ni mo ti fi ń tẹ ìka fún àwọn ènìyàn láìro ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé náà ti dé ọ́fíìsì kí n tó rántí.

Nígbà tí Ìyá Mòníìkì padà dé, ó bá òpó tí wọ́n rì mọ́ àárín àwọn ọ̀pẹ rẹ̀. Kò pariwo. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ó béèrè ẹni tó fún wọn ní ilẹ̀ òun. Wọ́n ní àwọn yóò wá jókòó ní abúlé ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá a. Ọ̀sán ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sóko. Ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fami nínú kànga. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Kí ló dé?"

"Tí wọ́n bá bi yín lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ gbà. Ilé ìgbẹ̀bí ni. Ẹ rántí ọmọ tó kú."

Ó sọ okùn kalẹ̀. "Ṣé o bi mí? Ṣé ẹnì kan nínú yín wá bi mí? Bóyá mi ò bá ti fi sílẹ̀ fún yín. Bóyá mi ò bá ti sọ pé kí ẹ mú ìdajì. Mi ò mọ̀, torí ẹ ò bi mí."

"Wọ́n máa tì mí mọ́lé, Màmá."

"Wọ́n máa bá ẹ wí ni. Mi ò ní bú ẹ níwájú wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹ pàápàá. Màá kàn gbé ọwọ́ mi sókè."

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa garawa rẹ̀. Mo rí ọwọ́ náà lára okùn, ìka mẹ́rin. Mo rí i bó ṣe máa dìde lókè lọ́la, àti ojú gbogbo ènìyàn, àti ìwé ọdún méje. Mo tì í sínú kànga.

Adájọ́ bi mí bóyá mo ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò gbèrò pé màá tì í. Ṣùgbọ́n Ìyá Mòníìkì kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó pe orúkọ mi, orúkọ tí ìyá mi sọ mí, tí kò sẹ́lòmíràn tó ń pè é nílé ọkọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé páànù bo kànga, mo wá òkúta, mo sì gbé e lé e kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Èyí tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìyẹn. Nígbà tí agbẹjọ́rò mi ní inú ló bí mi, mo dìde ní kóòtù, mo ní kó jókòó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo kọ ìwé orúkọ bí mo ti máa ń kọ ọ́. Mo tẹ ìka fún gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé ìlà Ìyá Mòníìkì, ọwọ́ mi kọ̀. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò wá.

Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tí ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ènìyàn mẹ́rin péré ló ti dé. Ó kà á, ó wo àwọn àga, ó tún un kà.

"Madáàmù, gbogbo ènìyàn ti tẹ ìka kí wọ́n tó dé?"

Ó gbé ìka lé ìlà Ìyá Mòníìkì.

"Èyí nìkan ni ẹ kọ pé kò wá. Òun náà ló pè wá. Ta ló sọ fún yín pé kò ní wá?"

Mo wo Ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ò mọ̀wé," ó ní. "Akọ̀wé ló mọ̀."

Ọkùnrin méjì lọ sílé Ìyá Mòníìkì. N kò dúró dè wọ́n. Mo sọ ibi tó wà fún ọ̀gá náà.

Ṣẹ́ẹ̀fù lo oṣù mẹ́rin lẹ́wọ̀n, ó sì padà sílé. Abúlé mìíràn gba ilé ìgbẹ̀bí. Mòníìkì wá sí kóòtù pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò wo ojú mi. Ọkọ mi kò tíì wá síbí rí. Àkọ́bí mi ló ń wá, òun ló sọ fún mi pé wọ́n ti mú akọ̀wé tuntun, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti pé àwọn ènìyàn kì í wá sí ìpàdé síbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ni mò ń kọ èyí sí, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìlú lé lọ́wọ́. Wọn yóò yìn yín pé ọwọ́ yín yá. Àgbàlagbà kan yóò wo àga tó ṣófo, yóò sì sọ fún yín pé orí ń fọ́ òun. Tí ó bá dìde láti lọ, ẹ tẹ̀ lé e dé ilé, kí ẹ gbé ìwé náà lé e lórí itan. Tí ènìyàn mẹ́ta bá wá, ẹ kọ mẹ́ta. Ọ́fíìsì á dá a padà, ẹ ó tún un ṣe, àwọn obìnrin á máa pọnmi lódò títí di oṣù mìíràn, wọn á sì pè yín ní akọ̀wé tí kò wúlò. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì lọ bi ẹni tó ni nǹkan, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé yóò sọ pé rárá.