Kí Ẹni Tó Kọ́ Afárá Má Dúró Lábẹ́ Rẹ̀ Mọ́

Ọ̀gá wa tó jókòó sí àárín pèpéle, alága ìpéjọpọ̀ òní, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá tó wà lọ́tùn-ún àti lósì wọn. Mo kí ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jí láàárọ̀ kó má sí ẹni tí yóò fun fèrè mọ́ ọn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka afárá, mo kí yín. Ìyàwó mi, tó wọ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀ nítorí tèmi. Ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin àlejò tó wà lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n má pẹ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò sọ ọ́ fún mi, ó tún fi ọwọ́ júwe aago. Mo gbọ́. Àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí nínú iṣẹ́ yìí? Ẹni tí kò sáré lórí títì láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni yóò ti wá máa sáré?

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ológun, ìbọn ni mo fẹ́ gbé. Wọ́n bi mí pé ṣé mo mọ mọ́tò wà, ẹnu mi ò gbọ́ tèmi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kó mi sí ẹ̀ka ọkọ̀ nìyẹn, tí mo di ẹni tó ń wa áńbúláǹsì. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti di jagunjagun. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, tí mo ní táyà ni mò ń pààrọ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Màmá Abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Nọ́ọ̀sì àgbà yìí ló máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi pẹ̀lú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Bí táyà bá wọ kòtò báyìí, ẹ óò gbọ́ ohùn wọn: "Dẹ́rẹ́bà! Ṣé igi ìdáná lo kó sẹ́yìn ni?" Wọ́n á bú mi, wọ́n á bú mọ́tò, wọ́n á bú ẹni tó la ọ̀nà. Ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi ń lu ara ọkọ̀ mọ́ mi létí ni wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Èmi náà máa ń kanra mọ́ wọn padà. Màmá, ẹ forí jì mí. Ìbínú mi kì í pẹ́, ariwo rẹ̀ ló pọ̀.

Ọ̀gá tó kọ ìwé ìtàn iṣẹ́ ológun wa náà wà níbí. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé yín wúwo, mo sì ti kà á tán. Ìyàwó mi ní òun ò rí mi kí n kàwé báyẹn rí. Ẹ mẹ́nu kan odò ńlá tí a sọdá lójú ogun. Ẹ ní, "Àwọn ọmọ ogun wa sọdá." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n, sà, kí ni wọ́n gbà sọdá? Ta ló gbé oúnjẹ tẹ̀ lé wọn? Ta ló gbé ẹni tí ọta bà padà sẹ́yìn? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwa oníṣẹ́ ẹ̀yìn, onímọ́tò, nọ́ọ̀sì, aláfárá, a rìn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ò rí wa. Inú ń bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi díẹ̀ kún un.

Ẹni tó kọ́ afárá odò yẹn, Kòníjá la máa ń pè é, torí bó bá ti di bóòtù irin kan mọ́ afárá tán, á fọwọ́ gbá a, á ní, "Kò níí já." Ọ̀rẹ́ mi àtàtà ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ka afárá sì ní àṣà kan tí ẹ̀yin àlejò lè má mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá fẹ́ gun afárá tuntun, ẹni tó kọ́ ọ á lọ dúró lábẹ́ rẹ̀. Kò níṣẹ́ kan tó ń ṣe níbẹ̀. Ó kàn ń dúró ni, kí dẹ́rẹ́bà lè mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo fẹ́ràn àṣà yẹn. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kéèyàn kó aláìsàn sẹ́yìn, kí odò máa hó nísàlẹ̀, kí pákó máa dún lábẹ́ táyà. Bí o bá rántí pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún ọ, ọkàn rẹ á balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ lókè odò. Kòníjá wọ inú omi dé àyà, ó di òpó mú, ó juwọ́ sí mi. Mo gun afárá. Afárá ò mì rárá. Màmá Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo pé kí n rọra. Mo dé òdì kejì, mo bọ́ sílẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ ké sí i pé, "Kò já o!" Mi ò rí i mọ́. Ìtì igi kan ni omi gbé wá láti òkè, òun ló gbá a lọ. Gbogbo àwọn tí mo gbé lọ́jọ́ yẹn ló délé wọn. Kòníjá nìkan ni kò délé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló pa á. Odò ló pa á, torí pé a ní kó lọ dúró síbi tí kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe.

Aya rẹ̀ ló jókòó síwájú yìí. Ọmọbìnrin wọn ló jókòó tì í nínú aṣọ ológun yẹn. Kò tíì máa rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ. Lónìí, òun náà ti di ọ̀fíísà ní ẹ̀ka afárá. Afárá tuntun tó wà lẹ́yìn bárékè wa, òun ló kọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa gun ún, èmi ni wọ́n sì ní kí n wà á, kó jẹ́ iṣẹ́ àṣekẹ́yìn mi. Wọ́n ní wọ́n fi ń yẹ́ mi sí ni. Mo dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá sílé mi. Ìyàwó mi gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún. Wọn ò tilẹ̀ fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ní ibi tí bàbá òun dúró sí lòun náà máa dúró sí. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo sunkún, ó ń nù mí lójú, ó sì ń sọ pé rárá." Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lókè nígbà tí ọkọ mi wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun orí ọmọ mi kọjá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ bá sọ? Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé màá rò ó. Mi ò sùn dáadáa látìgbà náà. Mo ti rò ó, iwájú gbogbo yín ni mo sì fẹ́ sọ ọ́, torí bí mo bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, màá ti hu ewú tán kí èsì tó dé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọmọ mi, wò mí. Mo mọ̀ pé o ò bẹ̀rù. Bàbá rẹ náà ò bẹ̀rù. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé o já bàbá rẹ kulẹ̀ tí o ò bá wọ inú omi yẹn, rán an sí mi. Torí dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ṣe dá àṣà náà sílẹ̀, àbí? Èmi ni dẹ́rẹ́bà. Mo ti rìn lórí afárá rẹ lọ, mo sì ti rìn ín bọ̀, mo rí i pé ọmọ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o gòkè wá, kí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú mọ́tò. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá dára, a jọ dé òdì kejì. Bí kò bá dára, àwa méjèèjì la jọ máa lúwẹ̀ẹ́, èmi ò sì mọ̀ ọ́n lú. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí ni? Ṣùgbọ́n bí o bá lọ dúró nísàlẹ̀, mi ò ní ṣíná ọkọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jẹ́jẹ́ kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn rẹ̀.

Ọ̀gá wa, ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ. Mi ò lè dá fagi lé ohun tí mo bá nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn mìíràn. Ẹ jẹ́ kó di òfin láti ọjọ́ Ajé lọ pé ẹni tó bá kọ́ afárá, iwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ipò rẹ̀. Mò ń dúró, sà.

Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rí i: ọ̀gá ti mi orí pé kó rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀tàn wa, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ Kòníjá ṣáájú rẹ̀. Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́? Má wo bàtà rẹ, ìyá rẹ ni kí o wò.

Háà! Ó ti gbà. Ẹ bá mi di ìyá rẹ̀ mú o, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún, ẹkún ayọ̀ ni.

Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ wa. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹlòmíràn délé, ẹ̀yin náà á délé. Odò ò ní mọ orúkọ yín. Ibi tí ẹ bá kọ́, á gba ẹsẹ̀ yín. Ìyàwó mi, bọ́ bàtà yẹn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Gbogbo yín pátá, ẹ ṣé o.

Ọmọ mi, ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú. Ilẹ̀kùn mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ tìẹ máa ń há. Fà á dáadáa.