Ọ̀dà Dúdú Tí Mo Fi Bo Ìpáàrà Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́fun. N kò kàwé kọjá ìwé mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé ní Ìdímù. Ara mọ́tò ni wọ́n ń tún ṣe. Ọdún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni ajíhìnrere kan gbé bọ́ọ̀sì wọn wá. Inú bọ́ọ̀sì náà ni àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé. Wọ́n ti wàásù títí dé etí òkun, iyọ̀ òkun sì ti ba abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ti dógùn-ún.

Nítorí pé mo tín-ín-rín, èmi ni wọ́n ní kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́ mi dáadáa. Kí n fi omi fọ iyọ̀ kúrò, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà náà títí irin yóò fi funfun. Bó bá gbẹ, kí n kun ọ̀dà pupa, kí òun náà gbẹ, kí n tó fi ọ̀dà dúdú tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ń la títì bò ó. Ibi tí ìpáàrà bá ti jẹ tán, kí n pè wọ́n kí wọ́n gé e, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ni ọmọbìnrin níbẹ̀, ojú sì máa ń tì mí púpọ̀. Bí mo bá ti nà gbalaja sábẹ́ bọ́ọ̀sì báyìí, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀.

“Ìyàwó mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ ẹ ń yọ síta o!”

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọkọ ló ń wá lábẹ́ ibẹ̀.”

Wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi á máa sunkún lábẹ́ ibẹ̀.

Nítorí náà mo dúró di ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo wọn lọ kírun Jímọ̀. Mo fẹ́ ṣe é tán kí wọ́n tó dé. Omi ṣì ń kán lára irin. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì mi rì wọ inú irin bí ẹni pé páálí ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró kí n pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. N kò pè wọ́n. N kò kun ọ̀dà pupa rárá. Ọ̀dà dúdú ni mo fi bo gbogbo rẹ̀. Ó ń dán, ó dà bí tuntun.

Bùrọ̀dá Lásísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni àgbà òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Àwọn nìkan ni kì í fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n bi mí pé, “Àbúrò, ṣé o ha á débi tó funfun?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára.

Kò pé oṣù mẹ́rin. Ìyàwó ajíhìnrere fẹ́ gbé ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ bọ́ọ̀sì já lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn kan wọ inú ihò náà. Irin tó ti jẹ ya ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Egbò náà kẹ̀. Ó jinná nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi Bùrọ̀dá Lásísì léèrè níṣojú gbogbo wa. Bùrọ̀dá Lásísì wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, èmi ni mo ní ó dára.” Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi lé wọn lọ. Mo dúró síbẹ̀. N kò lanu.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Bùrọ̀dá Lásísì padà wá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Láti ìgbà tí a ti lé wọn, kò sí ọ̀gá tó gbà wọ́n. Alábàárù ni wọ́n ń ṣe ní Ìkòtún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Lásísì, ẹsẹ̀ ta lo tún fẹ́ bàjẹ́?” Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo gbé omi fún Bùrọ̀dá Lásísì. Wọ́n ní, “Àbúrò, o mà ti dàgbà o. Ọlọ́hun á bùkún ẹ.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìyàwó ajíhìnrere tó ń tiro ni, àbí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó lè lé èmi náà jáde? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti lé Bùrọ̀dá Lásísì? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi débẹ̀. Bí Bùrọ̀dá Lásísì bá sì wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi dákẹ́ tí àwọn fi jìyà tó báyìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n sọ fún wọn pé ojú ló ń tì mí?