Anayo Ní Kó Yá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ jókòó. Ẹ má pe pásítọ̀ kankan fún mi, mi ò tíì kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi ju àìsàn yìí lọ, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè. Josephine, ìwọ ìyàwó mi tó máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi máa ń fà ro bí wọ́n bá ti ń ta gìtá, ìwọ náà jókòó.

Lọ́dún 1971, èmi ni mò ń tọ́jú áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, fún ẹgbẹ́ olórin Ọ̀gá Ọlábímtán ní Ajégúnlẹ̀. Áńpù ìgbà yẹn, gílóòbù ló kún inú ẹ̀. Ẹ ó tàn án, ẹ ó dúró kó gbóná kó tó fọhùn. Ohùn tó mọ́ gaara ni Ọ̀gá máa ń fẹ́, bíi ti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Àsìkò yẹn ni Anayo dé. Ọmọ Ìgbò ni, ogun abẹ́lé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Kò nílé, kò ní ẹbí kankan l'Ékòó, àfi gìtá ẹ̀ àti àyè tí Ọ̀gá fún un láàárín wa. Yorùbá ẹnu ẹ̀ ò gún rárá. “Ya” ni gbogbo “yá” lẹ́nu ẹ̀. Láàárọ̀, á sọ fún mi pé, “Bánjí, ó ya, jẹ́ ká lọ!” A ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún Ọ̀gá, torí ọ̀rẹ́ mi ni.

Lọ́jọ́ kan, atukọ̀ kan ní èbúté Àpápá fún un ní pẹ́dà, àpótí irin kékeré kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó fi í sáàárín gìtá àti áńpù, ó tẹ̀ ẹ́. Yéè! Ohùn gìtá há, bí ohùn ẹni tó sunkún títí tí omijé fi tán lójú ẹ̀, tí kò sì dákẹ́. Ara mi bù máṣọ. Anayo ń rẹ́rìn-ín: “Bánjí, mo fẹ́ kí áńpù yìí ya!” Mo mọ ohun tó ń sọ. Kó yá ló ní, kó jí, kó ta gìrì.

Ọkàn mi fà sí ohùn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Anayo lọ jẹun, mo bá so pẹ́dà ẹ̀ mọ́ áńpù, mo yí ohùn ẹ̀ dópin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Kí n má purọ́, mi ò tíì gbádùn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àfi “fàà!” Bébà inú sípíkà áńpù náà ti ya sí méjì. Mo tú pẹ́dà, mo pa áńpù, mo gba Malu Road lọ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Nígbà tí Ọ̀gá rí áńpù tó ya, tó pè mí, mo ní, “Ẹ bi Anayo, sà. Ó ní òun fẹ́ kó ya.”

Anayo wọlé. Ọ̀gá ní, “Ṣé lóòótọ́ lo sọ pé o fẹ́ kí áńpù mi ya?”

Inú ẹ̀ dùn, ó rò pé Ọ̀gá fẹ́ràn ohùn tuntun náà ni. “Yes, sà! Mo fẹ́ kó ya dáadáa!”

Ọ̀gá ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Anayo kọjú sí mi: “Bánjí, wetin I talk? Abeg, explain give am.” Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹrù ẹ̀ wá sílé mi. Ó ní, “Ìwọ lo gbọ́ Yorùbá mi. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Ọ̀gá.” Mo ní mo ti bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Irọ́ ni, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, “O ṣé, brother mi.” Ó sì lọ. Mi ò rí i mọ́. Àárò ẹ̀ ń sọ mí títí dòní, àárò ohùn yẹn náà ń sọ mí, mi ò sì mọ èyí tó ń dùn mí jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fi ẹnu yín ṣe ẹnu tirẹ̀, ẹ má tà á. Bí ẹ bá sì bá bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Anayo pàdé, ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá ẹ̀ kọ́ ló lé e dànù. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké lọ́jọ́ náà.