Èmi Ni Mo Fa Sùtánà Bàbá Rẹ̀ Lé E Lọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àdúrà ìrántí ọdún kan Kúnlé, àbíkẹ́yìn mi. Mi ò lè gbé e dé ọjọ́ yẹn.

Ìjẹ̀bú-Igbó nilé wa. Kúnlé ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà yẹn. Ó mú Ṣọjí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, àti Bísọ́lá, ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ilé mi ṣe fíìmù ẹ̀fẹ̀. Nínú fíìmù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe pátì nígbà tí ìyá onílé wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mutí yó, wọ́n bọ́ṣọ, kálukú ń wọ yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò yẹ kí Ìyá Ìjọ bíi tèmi máa sọ irú èyí.

Ìyá onílé á wá dé lójijì, bẹ́ẹ̀ ìhòòhò ni Kúnlé wà. Wọ́n ní aṣọ obìnrin ló máa wọ̀ sá jáde. Mo ní ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín.

Bísọ́lá ní, "Kí ló máa wá wọ̀, Mọ́mì?"

Mo ní, "Sùtánà. Kó ṣe bíi wòlíì tó wá kí ilé. Kó wá wọ bàtà gogoro rẹ pupa yẹn sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláṣọ funfun, a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn, ni Ṣọjí bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Mọ́mì! Ẹ̀yin gan-an lẹ burú jù nínú wa!"

Èmi ni mo ṣí àpótí. Èmi ni mo mú sùtánà olóògbé, bàbá Kúnlé, jáde. Mo ti fi aṣọ búlúù lẹ ibi tó ya ní èjìká sùtánà náà nígbà ayé ọkọ mi.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, mo wò ó. Kí n má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dáa. Ọ̀rọ̀ ìdí àti ọmú pọ̀ jù, wọ́n kàn ń pariwo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá onílé kúnlẹ̀, tó ní kí wòlíì ríran sí òun, tí Kúnlé ń ríran tó ń làágùn, tí obìnrin náà forí balẹ̀ tó wá rí bàtà pupa lábẹ́ sùtánà, ògiri ni mo dì mú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Kò pẹ́, fíìmù náà dé orí fóònù àwọn ará ìjọ. Wòlíì Adébánjọ, olórí ìjọ wa, mọ aṣọ búlúù èjìká yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ló máa ń jókòó sí. Ó pe èmi àti Kúnlé síwájú ìjọ lẹ́yìn ìsìn.

"Ìyá Ìjọ, ta ló gbé aṣọ mímọ́ yìí fún wọn?"

Màmá Ṣẹ́gun ń wò mí. Màmá Tóyìn ń wò mí. Bàbá Àlàdé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀ sí i o. Ọmọ yìí ló jí i nínú àpótí mi."

Kúnlé wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo jí i."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi mú un jókòó sẹ́yìn ìjọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní olè sùtánà. Bísọ́lá ò wá sílé wa mọ́, Kúnlé náà ò sì ṣe fíìmù mọ́. Nígbà tó kàwé tán, ó lọ bá àbúrò mi Ṣadé ní Òde-Omi létí omi, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Inú rírun ló mú un níbẹ̀. Kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti tán. Kò fi ọjọ́ yẹn bú mi rí. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́ rí.

Níbi ìsìnkú, Wòlíì gbàdúrà pé, "Baba, dárí olè tó jà jì í." Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi, mo ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣọjí gbé fíìmù náà wá lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa jẹ́ ká wò ó lẹ́yìn àdúrà, kí àwọn èèyàn rántí bó ṣe ń pani lẹ́rìn-ín?" Mo wò ó. Nígbà tó kan bàtà pupa, mo tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀, ó ṣì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣọjí ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Wòlíì ti ránṣẹ́ pé òun á tún bá Kúnlé tọrọ ìdáríjì olè yẹn lọ́jọ́ Àìkú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba oyè Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ mi, bóyá wọn ò tiẹ̀ ní fi aṣọ funfun sin mí. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, olè lọmọ mi títí láé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí Wòlíì bá gbàdúrà yẹn tán, gbogbo ìjọ á dákẹ́, wọ́n á máa retí ohùn ìyá rẹ̀. Ẹnu mi ò gba àmín yẹn mọ́.