Igbe tí Mo Ké ní Ẹnubodè

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìwé àṣẹ tí bọ́ọ̀sì wa fi ń gba ojú ọ̀nà àwọn èrò ọkọ̀ òkun kọjá ní ẹnubodè. Àwọn ọkùnrin tí mo bá nídìí iṣẹ́ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọ̀mọ̀wé ń wá nídìí ọkọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo sì gba ìwé náà lójú wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tí bàálù bá gbé wá sí ìlú wa, tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ rẹ̀ sì ń dúró dè é ní èbúté tó wà ní orílẹ̀-èdè kejì, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà: iye èrò tó bá bọ́ọ̀sì wọ ẹnubodè ni yóò bá a dé èbúté. Bí ẹnìkan bá yẹ̀ lọ́nà, wọn yóò gba ìwé padà. Nítorí náà ni ìwé ìrìnnà gbogbo èrò fi máa ń wà nínú àpò mi títí a ó fi débẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ fi ń bá a. Ọjọ́ náà ni òní. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó dáadáa. Dókítà ti sọ pé àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni, àwakọ̀ mi, tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ikú gbẹ́nàgbẹ́nà.

Aago ìlú òdìkejì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Èmi ni mo máa ń yí aago ọkọ̀ síwájú kí a tó gbéra. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ yín pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé. Mo wo aago, mo ní àsìkò ṣì wà, mo jẹ́ kí àwọn èrò jókòó jẹun kí a tó wọ ẹnubodè. Ọmọ yín yọ́ bá mi: “Àǹtí, ó dà bí ẹni pé ẹ ò tíì yí aago yìí o.”

“Ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má bínú, ọ̀gá wa.”

A ti wọ géètì àkọ́kọ́, a tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó dí ojú ọ̀nà wa, nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà náà, bàbá onírùngbọ̀n kan nínú àwọn èrò, rí aago tó wà lára ògiri àwọn aṣọ́bodè. Ó figbe ta: “Màdáámù, ṣé aago tiyín sùn lọ ni? Ọkọ̀ òkun fẹ́ ṣí o!” Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gún mi bí abẹ́rẹ́. Ẹ wo ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ di apànìyàn.

Ó sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, níbi tí a ń kó ẹrù sí. Ó ní kí n fún òun ní ìwé ìrìnnà òun, òun yóò gun alùpùpù gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ọmọbìnrin òun, tí òun kò rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, wà nínú ọkọ̀ òkun náà.

“Bí ẹ bá lọ, ìwé àṣẹ mi lọ nìyẹn.”

“Ìwé àṣẹ yín ló bí ọmọ fún mi? Obìnrin yìí, ìwé kún orí yín, ọgbọ́n ò ráyè wọlé!”

Ó di àpò tí ìwé ìrìnnà wà nínú rẹ̀ mú, okùn rẹ̀ já. Mo gbá a létí. Ó tì mí, ẹ̀yìn mi kan irin ọkọ̀, ọwọ́ mi sì ba sípánà tí a fi ń tú táyà. N kò ní parọ́ pé n kò mọ ìgbà tí mo gbé e. Mo mọ̀. Mo là á mọ́ ọn lórí. Ó kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó.” Kò tó mi. Mo tún là á mọ́ ọn, mo gbọ́ bí eegun ṣe fọ́, ìró rẹ̀ gba apá mi dé èjìká; nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo tún gbé irin náà sókè.

Ọmọ yín ló sáré dé. “Àǹtí! Àǹtí, kí lẹ ṣe yìí?” Ó já sípánà gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé orí ọkùnrin náà lé àyà. Ibẹ̀ ni àwọn èrò bá a: irin lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ láyà. Èmi, obìnrin tí ẹ tọ́, ni mo kọ́kọ́ lanu: “Ẹ gbà mí o! Ó ti pa á! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pa ènìyàn!”

Ẹyin lohùn, tèmi balẹ̀, orí ọmọ yín ló fọ́ sí. Àwọn aṣọ́bodè fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu títí eyín fi wọ́n sílẹ̀. Ó ń pariwo láàárín ẹsẹ̀ wọn: “Àǹtí, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ fún wọn!” Mo sọ fún wọn. Ní kóòtù, mo búra, mo sì fi èdè tó gún régé tún irọ́ náà pa. Ẹ̀yin fúnra yín sunkún lé mi léjìká, ẹ ní kí n má bínú pé ọmọ yín ba orúkọ mi jẹ́. Mo ní mo ti dárí jì yín.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Agbẹjọ́rò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, iwájú adájọ́ ni a ń lọ láti ibí. Mo jẹ ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà ní orúkọ ẹni tó pa bàbá rẹ̀, mo sì jẹ yín ní ọmọ yín.